Ọjọ́ Sátidé Tí O Yà Sọ́tọ̀ fún Ara Rẹ

Ìyá Kékeré, ọmọ mi àgbà,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa nílé wà láàyè, a sì ń jẹun. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú ọ̀nà jíjìn, mo tún kí ọ kú àìrójú ráàyè, nítorí ọ̀rọ̀ àìrójú ráàyè yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí. Ọlọ́run tó mú mi láti ọmọ tó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń kí láti òdìkejì títì, òun náà ni kó máa dì ọ́ mú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín. Àmín.

Kí o mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o. Mi ò bẹ Tíṣà, mi ò bẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Kíláàsì kẹta ni mo ka ìwé dé kí bàbá mi tó ní ó tó, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kó níbẹ̀, mo kó o tán, àwọn tó kà á parí ṣì ń bọ̀ wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Pẹ́ńsù tí mo fi kọ ọ́ ni èyí tí mo fi ń fàlà sára pákó, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi nípọn. Má fi ọwọ́ nù ún, ó máa ń ràn.

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, pé kí n má bínú mọ́, pé o ti pa ọjọ́ ìsinmi tí dókítà ní kí o máa ní tì, pé láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo Sátidé ni wàá máa wọkọ̀ wálé wá wò wá. Èsì rẹ̀ ni lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní sáré sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ èèyàn bíi tèmi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìdúró. Wá ibì kan jókòó sí. Bí iṣẹ́ bá wà níwájú rẹ, tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́. Òògùn ìpara tí o fi ránṣẹ́ ló ń fi pa á, mo sì mú díẹ̀ níbẹ̀ fi pa ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó máa ń ké, kò ké mọ́, nítorí náà òògùn gidi ni. Tíṣà aládùúgbò wa, tó ti fẹ̀yìntì, ti lọ ra eyín tuntun nílé ìwòsàn. Eyín náà mọ́lẹ̀ gan-an. Bó bá fẹ́ jẹun, á yọ ọ́ kúrò kó má baà bàjẹ́. Ilé ìfowópamọ́ náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, wọ́n kí mi kú ọjọ́ ìbí. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo gbé ẹyin adìyẹ lọ́wọ́, mo lọ síbẹ̀ lọ dúpẹ́. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní òun kọ́ ló kí mi, ẹ̀rọ ló kí mi. Mo ní kò burú, kó bá mi gbé ẹyin náà fún ẹ̀rọ.

Ó yá, ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ohun tí o kọ́kọ́ kọ sí èmi fúnra mi wọlé sórí fóònù mi, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń fá ẹsẹ̀ tábìlì kan. Fóònù ké nínú àpò mi, mo nu ọwọ́, mo gbé awò sójú, mo kà á. Bí o ṣe kọ ọ́ nìyí, mo dà á kọ láìfi ohunkóhun kún un: Baba mi, e ma binu. Ojo ti pe ti mo ti n fi gbogbo aye mi sile fun awon elomiiran, o to gee. Lati ose yii lo, ojo Satide, ara mi nikan ni mo ya a soto fun.

Wò ó fúnra rẹ. Ṣé o rí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ yẹn? Fóònù kì í dé fìlà fún ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló wà lórí òfìfo. Mo kà á, mo tún un kà, ó sì yé mi yékéyéké: ará mi nìkan ni mo yà á sọ́tọ̀ fún. Ará rẹ ni àwa. Àwọn ẹlòmíràn tí o ń wí ni àwọn tó wà níbẹ̀ yẹn, ọ̀gá rẹ àti àwọn tó ń pè ọ́ nígbà tí èèyàn ń jẹun lọ́wọ́. O ní ẹ má bínú, nítorí pé ó ti pẹ́ tí o ti wálé gbẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ta ni kò ní kà á bẹ́ẹ̀?

Mo gbé ìfági sílẹ̀. Mo sọdá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò fẹ́ gẹrun, mo kàn lọ síbẹ̀ nítorí ibẹ̀ lèèyàn máa ń pọ̀ sí. Mo ní ṣé wọ́n rí ọmọ tí mo bí? Mo ní àwọn ọmọ tiyín, ẹ ó pè wọ́n títí, wọ́n á ní ọkọ̀ ti wọ́n. Tèmi, ẹnikẹ́ni ò pè é, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni òun á máa wálé. Onígbàjámọ̀ ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó wà ní kíkọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Mo ní kì í ṣe gbogbo ojú ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ilé sí.

Ìyá rẹ fọ gbogbo kọ́tìnnì. Ó ní kí n kó pákó mi kúrò nínú yàrá rẹ, mo kó o, ẹ̀yìn mi sì ń ròyìn rẹ̀ fún mi mọ́jú. Ó pa adìyẹ. Kì í sì í ṣe adìyẹ kan ṣáá, èyí tó ń yé ẹyin ni, èyí tí òun àti èmi ti ń torí rẹ̀ jà pé a ò gbọdọ̀ pa.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ilé ti kún. Gbogbo wọn wá kí ọ, kò sì sí ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo. Má rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n gbé dání o. Aránṣọ gbé fóònù tó já sínú omi wá kí o bá òun tún un ṣe, ó ní ṣebí ọ́fíìsì lo ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí rẹ, àbúrò mi obìnrin, di àwọn bàtà tó ń tà sínú báàgì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọ, kí o bá òun gbé e lọ tà fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Onígbàjámọ̀ tí kò gbà mí gbọ́ ló kọ́kọ́ dé, ó mú àna rẹ̀ lọ́wọ́ kí o wá bá wọn wá iṣẹ́ fún un, àna náà ti wọ bàtà iṣẹ́ sẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ pàápàá to gbogbo ìgò òògùn rẹ̀ sórí tábìlì kí o lè bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Èmi ní tèmi fẹ́ kí o bá mi dé ilé ìfowópamọ́ lọ wo ẹ̀rọ yẹn.

Mi ò dúró de ọkọ̀ nílé bí wọ́n ṣe ń dúró. Mo gbé àga kan láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó dáa jù níbẹ̀, mo gbé e lọ sí ìkóríta tí ọkọ̀ máa ń já èrò sí. Mo jókòó sábẹ́ pátákó ìpolówó ńlá yẹn, kí ẹni tó bá ń kọjá lè béèrè, kí n lè dáhùn. Wọ́n béèrè gan-an, mo sì dáhùn. Ọkọ̀ kan dé, obìnrin kan sọ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn, kì í ṣe ìwọ. Òmíràn dé, àpò sìmẹ́ńtì ló já sílẹ̀.

Mo pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó, kí n pè padà tó bá yá. Mo ní ẹ ṣé, ìyá, ẹ bá mi sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti wà ní ìkóríta. Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Mo pè padà bó ṣe ní kí n ṣe, ó tún gbé e, kò bínú rárá. Mo bi í bóyá ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ ni, kò dáhùn ìyẹn. Obìnrin náà ní sùúrù, àmọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ń sanwó fún un, rọra bá a sọ ọ́.

Mo wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kíá ni èsì dé: Mo n sinmi lowo, maa da yin lohun lola. Inú mi dùn pé o tètè dáhùn. Mo kọ ọ́ padà pé kò burú, sinmi dáadáa nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n má sùn kọjá ìkóríta. Kíá, èsì kan náà tún dé. Mo ní mo ti gbọ́. Èsì kan náà. Mo ní mo ní mo ti gbọ́. Èsì kan náà. Mo rí i pé ọmọ tí kì í yí ohùn padà ni mo bí, mo bá jẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Báyìí ni mo ṣe jókòó síbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ tí mi ò tíì sọ fún àwọn tó wà nílé. Láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti gbé ayùn lé mi lọ́wọ́, mi ò jókòó láìsí nǹkan lọ́wọ́ rí. Bí mo bá ń jẹun, ojú mi ń wọn férémù fèrèsé. Bí wọ́n bá pè mí síbi ìgbéyàwó, abẹ́ tábìlì ni mo máa ń wò, bóyá ìṣó rẹ̀ wọlé dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí òòlù, kò sí ayùn, ọwọ́ mi méjèèjì kàn wà lórí itan mi bí ọwọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n ní kí n bá wọn mú. Ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Mò ń mi ẹsẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tó wà lára pátákó ìpolówó títí dé nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè, mo pè é, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ra ọṣẹ, mo ní rárá, ọmọ mi ni mò ń retí. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí mo lè kà mọ́, ara mi bá rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹyẹ kan ń ké lórí wáyà iná, mo sì ń bi ara mi léèrè pé ìgbà wo làwọn ẹyẹ dé àdúgbò yìí.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn àga mi tọ́ jù. Mi ò sọ pé àga mi ò dáa o. Àga tí mo kàn, erin lè jókòó lé e, kó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga ẹni tó fẹ́ tètè dìde ni. Èmi ni mo kàn án, èmi ni mo máa ń fẹ́ tètè dìde. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló ní àga mi, ẹnikẹ́ni ò sì fẹjọ́ sùn rí, bóyá wọ́n ń bẹ̀rù mi ni. Ọwọ́ ọ̀tún mi tó máa ń le gan láràárọ̀, tí mi ò jẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀, ti rọ̀ kí oòrùn tó yí.

Nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn já èrò rẹ̀ tán, mo gbé àga mi lérí, mo padà sílé. Wọ́n ti jẹ adìyẹ tán. Àǹtí rẹ ń wú fùkẹ̀ bíi búrẹ́dì, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ gbé báàgì òun padà. Onígbàjámọ̀ ò bá mi jà, ó kàn ní kí n máa wá gẹrun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ọmọ mi ṣe ń wálé.

Mo gbé fóònù fún Tíṣà. Ó yọ eyín rẹ̀, ó ní kó má baà dí òun lọ́wọ́, ó kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ní ara ni, kì í ṣe ará. Ó ní ọmọ yìí ń sọ pé òun fẹ́ máa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún òun fúnra òun. Mo ní kó fi ṣe kí ni? Ó ní kó fi sinmi. Mo ní ta ló ń lé e? Mo ní kó fi àmì tó rí hàn mí. Ó ní ará ló ń gba àmì sórí, ara ò gba nǹkan kan, bó ṣe wà lórí fóònù yẹn gan-an ló yẹ kó wà. Mo ní nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tó yẹ kó lámì ò lámì, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ wà láìlámì? Tíṣà dá eyín rẹ̀ padà sẹ́nu. Nítorí náà, mi ò ṣì í kà. Mo kàn kà á dáadáa ju bí o ṣe kọ ọ́ lọ ni. Nígbà mìíràn, kọ èmi nìkan dípò ara mi nìkan, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì bọ́jú tí àǹtí rẹ ti gbé fóònù mi tó sì ti pè ọ́. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní ọmọ tó ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, ṣé ara rẹ̀ náà ló bí i ni. Ó ní o dójú tì mí ní ìkóríta lójú gbogbo ayé. Mi ò rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí inú ń bí mi díẹ̀ nígbà yẹn, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Òun ni wàhálà tó mú kí o kọ ohun tí o kọ pé wàá máa wálé.

Ìgbà tí ìyá rẹ pè ọ́ fúnra rẹ̀ la tó gbọ́ òótọ́. O ní o ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tìwọ ti fáìlì lọ́wọ́. O ní ojú rẹ ṣókùnkùn, nígbà tí o sì lajú, fáìlì lo kọ́kọ́ ń wá kí o tó wá bàtà rẹ. O ní dókítà yẹ̀ ọ́ wò, kò rí àrùn kankan, ó ní bí o kò bá wá àyè fún ara rẹ, ara yẹn á wá àyè fúnra rẹ̀, kò sì ní bi ọ́ léèrè ibi tó yẹ. Ìyá rẹ gbé fóònù kalẹ̀. Ó ní èmi lo jọ. Ó ní láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa lòun ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa gbé mi wálé láti ṣọ́ọ̀bù, òun ò mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ó ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún mi gbé kọ́ọ̀pù tó wà níwájú mi. Obìnrin yìí ti mọ̀ látọjọ́ yìí.

O wá fi àwòrán ránṣẹ́ láti fi ọkàn wa balẹ̀. Ọmọ mi, àwòrán yẹn ò fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Gbogbo ojú rẹ funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, wọ́n gé kùkúńbà lé ẹyinjú rẹ méjèèjì. Ìyá rẹ ní o ti fọ́jú, wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún un ni. Mo ní bí ojú bá ń dun èèyàn, awò ni wọ́n ń rà fún un, wọn kì í to oúnjẹ lé e. Tíṣà ní ìtọ́jú ara ni, ó ní àwọn obìnrin ìlú ńlá máa ń ṣe é. O tún kọ ọ́ pé o lọ síbì kan tí wọ́n ti to òkúta gbígbóná sí ọ lẹ́yìn, mo sì ti wọ bàtà láti lọ fọlọ́pàá mú wọn kí Tíṣà tó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ìwọ lo sanwó. Kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òkúta gbígbóná ni, ògiri ẹ̀yìn ilé wa ń gbóná lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn kàn máa fẹ̀yìn tì í ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Nígbà tí Sátidé kejì dé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo gbé àga sí abẹ́ igi ẹ̀yìn ilé, mo jókòó. Àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n ní kí ló ṣe mí, wọ́n ní ẹ kú ara àìle. Mo bá gé pákó kan, mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà, mo gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà: Mo wa pelu ara mi. Kò pẹ́ rárá, ilé kún. Gbogbo àdúgbò ló wá kí àwọn ará mi tó wá bẹ̀ mí wò. Aránṣọ gbé omi tútù wá fún àlejò. Wọ́n ń yọjú wo yàrá, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n sùn sí. Tíṣà kàn dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo já pákó náà lulẹ̀. Mo tún òmíràn kọ: Ẹ padà wá lọ́la. Ìyẹn yé wọn.

Ìyá rẹ rí mi lábẹ́ igi, ó ní bó bá jẹ́ báyìí ni, òun náà ní ara. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n wá ohun tí mo máa jẹ. Èmi tí mo kọ́ ilé, mo se ìrẹsì, ó jóná nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ ò jinná, mi ò mọ bí ìkòkò kan ṣe lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ jáde, ojú rẹ̀ dán, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, èsì mi nìyí. Má wá.

Má wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ rẹ ni, di ọjọ́ rẹ mú. Mo ti ro bí ọjọ́ náà ì bá ṣe rí bó bá jẹ́ pé o sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lóòótọ́. Fóònù tó wọ omi ń dúró dè ọ́, báàgì bàtà ń dúró dè ọ́, àna onígbàjámọ̀ ń dúró dè ọ́, ìgò òògùn wà lórí tábìlì. Gbogbo wa tí a wà nílé yẹn, kò sí ẹni tó gbé àga kan kalẹ̀ fún ọ. Èmi tí mò ń kàn án, èyí tó dáa jù lọ́wọ́ mi, ìkóríta ni mo gbé e lọ, èmi ni mo sì jókòó lé e.

Mo ti kó gbogbo wọn jọ, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ti parí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Kí o lè mọ̀ pé mi ò ṣeré, láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo máa ń ju fóònù mi sínú agolo ìṣó, mo sì ń gbé agolo sókè àjà. Bó bá ké, ìṣó ló ń gbọ́. Àǹtí rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ohun tí òun sọ yẹn, inú lòun fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu. Mo ní kó tún un sọ dáadáa. Ó ní ó dáa, kí ọmọ náà máa sinmi, òun á pè é ní Mọ́ńdè. O ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí ojú wa bá ń ro ọ́, wálé lọ́jọ́ tí ìwọ bá rí àyè, má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí o kàn wọlé láti ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò ké mọ́.

Mò ń kan àga kan fún ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀gbọ̀kú, ọ̀tọ̀ ni. Mo ti dán an wò fúnra mi, mo sùn lọ, òòlù já bọ́ lọ́wọ́ mi. Tíṣà wá wò ó, ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀, mo ní kó tò sórí ìlà. Ẹ̀bùn ni mo fi ṣe fún ọ, má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fi owó fáníìṣì rẹ̀ ránṣẹ́, àti owó fóòmù, àti ti awakọ̀ tó máa gbé e wá, nítorí ó ní àga tó rọ̀gbọ̀kú ń gba ibi èèyàn méjì. Ìyá rẹ ní kí o fi kùkúńbà díẹ̀ kún un. Ó ti fi tòmátì dán an wò, kóró rẹ̀ wọ ọ́ lójú, ojú ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun padà ni. Bí owó náà bá pọ̀ jù, fi ti kùkúńbà sílẹ̀, má fi ti fáníìṣì sílẹ̀. Má sì fi í ránṣẹ́ ní Sátidé, nítorí fóònù wà lókè àjà.

Ìyá Kékeré, ara rẹ á le. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo agbára rẹ tán, agbára tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán. Oorun rẹ á dùn, jíjí rẹ á dùn, wàá jẹun nígbà tí oúnjẹ ṣì gbóná. Ọjọ́ tí o bá jókòó, ìjókòó ayọ̀ ni, kò ní jẹ́ ti àìsàn. Wàá dàgbà, wàá gbó, wàá sì ní àyè. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà àgbà, ẹni tó ka ìwé dé kíláàsì kẹta.

Mo tún rántí. Awakọ̀ tí mo gbé lẹ́tà yìí fún, alẹ́ Fúráìdè ló ń gbéra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárọ̀ Sátidé ló máa gbé e fún ọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má kà á lónìí. Pa á dé, fi í sábẹ́ nǹkan, ó di ọ̀la.